Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ta ló gbé ẹ̀sìn Isis dé Ítálì?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì lórí bí ẹ̀sìn Isis àti Sarapis, àwọn òrìṣà ilẹ̀ Íjíbítì, ṣe ti ibẹ̀ dé Róòmù. Ọ̀pọ̀ ìwé ló gbé e fún àwọn oníṣòwò orí òkun: láti Alexandria ní Íjíbítì sí erékùṣù Delos ní Gíríìsì, títí dé èbúté Puteoli ní Ítálì, níbi tí ilé òrìṣà Sarapis ti wà ní ọdún 105 ṣáájú Kristi.

Èmi gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ Pompeii, ìlú kan ní Ítálì, ló gbà mí lọ́kàn jù. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ ní ọdún 62 lẹ́yìn Kristi, ọmọ ọdún 6 kan, Numerius Popidius Celsinus, ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sára ilé Isis pé òun ló tún un kọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú sì tìtorí ẹ̀ gbà á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́! Àwọn onímọ̀ gbà pé bàbá ẹ̀, tó ti ṣẹrú rí, ló náwó náà. Òfin ò sì jẹ́ kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ wọ ìgbìmọ̀ fúnra ẹ̀.

Ṣé kí n gbé gbogbo iṣẹ́ náà ka Pompeii nìkan, àbí kí n fi Delos kún un? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ máa mú?