Ìrìn-àjò wa sí Olúmirin: ṣé kí a jọ rìn ni, àbí kí a pín sí ọ̀wọ́ kéékèèké?

Ará Òkè-Fìà:
Mo kí ẹ̀yin àgbà. Àwa ọ̀dọ́ mẹ́rìndínlógún láti Òṣogbo ń gbèrò àtilọ gun òkè Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta ní ìpele méje. Àwọn kan ní kí gbogbo wa jọ tẹ̀ lé olórí kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó wù mí kí a pín ara wa ní mẹ́rin-mẹ́rin. Kí ni ẹ rí sí i?

Bàbá Síkáòtù:
Ọmọ mi, èrò rẹ dára. Nígbà tí Baden-Powell, ẹni tó dá ẹgbẹ́ Síkáòtù sílẹ̀, kó àwọn ọmọkùnrin lọ pàgọ́ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1907, ọ̀wọ́ mẹ́rin ló pín wọn sí, ó sì fi ọ̀kan nínú wọn ṣe olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí mo fi fara mọ́ mẹ́rin ni pé, bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá rọ́, ẹnìkan yóò jókòó tì í, àwọn méjì tó kù yóò sì jọ sọ̀kalẹ̀ lọ wá ìrànlọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní dá wà nínú igbó. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, ẹni tó ń lọ pe ènìyàn yóò dá rìn, òun náà sì lè ṣìnà. Láàárín èrò púpọ̀ ẹ̀wẹ̀, kálukú a máa rò pé ẹlòmíràn ló gbé omi. Mo ti rí i rí, ó sì dùn mí púpọ̀.

Ìyá Nọ́ọ̀sì:
Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ẹ wo ọ̀ràn ejò: ẹni tí ejò bá bù ṣán kò gbọdọ̀ máa rìn káàkiri, nítorí ìrìn a máa jẹ́ kí oró tètè tàn ká ara. Ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa oró náà, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Kí ẹnìkan máa fi í lọ́kàn balẹ̀, kí ó sì bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kí ara tó wú; kí ẹlòmíràn pe 112, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, kí àwọn tó kù sì wá bí wọn yóò ṣe gbé e dé ilé ìwòsàn. Ta ló lè dá gbogbo èyí ṣe?

Ọmọ Ọdẹ:
Àbúrò, ẹ má ṣe kó gbogbo àwọn tó mọ igbó sínú ọ̀wọ́ kan náà. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní fèrè lọ́wọ́, kí fífọn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta jẹ́ ìpè fún ìrànlọ́wọ́, kí ẹ sì sọ àsìkò tí ẹ ó padà fún ẹnìkan nílé. Bí òjò bá ṣú, kí gbogbo ọ̀wọ́ tètè sọ̀kalẹ̀, nítorí àpáta tó tutù a máa yọ̀ gan-an.