Ṣé èmi ló fẹ́ ni, àbí ilẹ̀ bàbá mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ yìí bá gùn díẹ̀.

Ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ọkùnrin kan láti Ajah wá ra òbòkún lọ́wọ́ mi. Kò ná ọjà. (Oníbàárà tí kì í ná ọjà, ní Olúwo!) Látìgbà náà, kò pa Sátidé kan jẹ. Ó ń bá mi gbé abọ́ ẹja, ó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní parọ́.

Àmọ́ bàbá mi fi ilẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń du ilẹ̀ níbẹ̀ báyìí. Ọjọ́ tí mo mú un dé oko, ẹsẹ̀ ló fi ń wọn ilẹ̀, tó ń kà á lábẹ́nu. Ó ya fọ́tò gbogbo pérégún tó wà ní ààlà. Kò ya èmi ẹyọ kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi mí ta ló ń buwọ́ lùwé nínú ẹbí wa.

Mo bi í kí ló dé. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n lé e dànù, ṣùgbọ́n òun náà ń wá bó ṣe máa ta ilẹ̀ yẹn.

Ọkùnrin náà fẹ́ mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n wá, àbí kí n dá a dúró títí a ó fi yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀?

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.