YLS/CMI fún ọmọ ilé kéwú: báwo lẹ ṣe ń fún un ní máàkì?

Ẹ̀yin alábàáṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Lórí àwọn ọmọ tí kóòtù fi sí probation (ìṣọ́ òṣìṣẹ́ dípò àtìmọ́lé) ni mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn.

YLS/CMI ni ìwé ìbéèrè tí a fi ń díwọ̀n ewu pé ọmọ lè tún rú òfin; bí máàkì bá ṣe pọ̀ sí i ni ewu ń pọ̀ sí i. Ìbéèrè 42 ló wà nínú rẹ̀, ní abala 8. Kánádà ni wọ́n ti ṣe é, ó sì hàn. Ẹ wo ọmọ ọdún 15 tó ń gbé lọ́dọ̀ alfa nítòsí Ọjà Ọba, tí àwọn òbí rẹ̀ wà ní Ọ̀fà. Abala òbí á gba máàkì, ti ẹ̀kọ́ á gbà, ti eré ìdárayá náà á gbà nítorí kò sí ẹgbẹ́ kankan tó wà. Máàkì 3 ti wọlé, ọmọ ò sì tíì ṣe nǹkan kan.

Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, 0 sí 8 ni ewu kékeré, 9 sí 22 ni àárín. Ẹni tó yẹ kó gba 6 á di 9, a ó wá máa pè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyẹn léwu gan-an: á máa bá àwọn tó le jù ú lọ pàdé lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, á sì máa pa kéwú jẹ.

Lóòótọ́, òṣìṣẹ́ lè yí ìpele padà kó sì kọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò lè máa yí ti gbogbo wọn. Lójú tèmi, ẹni tó mọ ìgbà tí ọmọ wọlé lálẹ́ ló yẹ ká kà sí òbí, ìbáà ṣe alfa, ìyá àgbà tàbí ọ̀gá télọ̀.

Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ń ṣe? Bí ọ̀rọ̀ alfa àti ti òbí bá ta kora, ta lẹ ń gbà gbọ́? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ń lo àwọn ìbéèrè mẹ́fà tó wà nínú SAVRY (ìwé míràn tí a fi ń díwọ̀n ewu ìwà ipá ọmọ) nípa ohun tó ń dáàbò bo ọmọ mọ́ YLS/CMI?