Wọ́n ní kí n ṣètò ìrìn àjò ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ. Ẹ gbà mí o

Ọmọ Ádímìn:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, inú ló ń bí mi. Ọ̀gá wa ní kí n ṣètò ohun tí wọ́n ń pè ní retreat, pé ká kúrò ní Èkó, ká lọ sinmi, ká jọ sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá. Ìkógòsì ni mo mú. Mo ti wá bọ́ọ̀sì, mo ti ṣe tíṣáàtì. Pupa ni tẹ́lẹ̀, akáǹtì wa ní òun ò lè wọ pupa, mo bá sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni aránṣọ gbowó lọ́wọ́ mi! Lánàá, ọkùnrin yìí kan náà kọ ọ́ sórí WhatsApp wa: "Mi ò lọ síbì kankan." Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, èèyàn mẹ́fà ti fi àtàǹpàkò sí i. Títí kan ọmọbìnrin tá a jọ ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, tó jẹ́ pé nínú abọ́ mi ló ti ń jẹun. Kí ni mo ṣe fún wọn? Ṣé kí n fi eré kún un ni, àbí kí n pààrọ̀ ibi tí à ń lọ?

Ìyá Ìbejì:
Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ẹ̀yin mélòó ni? Ọjọ́ wo? Èló lọ̀gá fi sílẹ̀? O ò sọ ìkankan.

Onímọ́tò Bẹ́gà:
Àǹtí, mo mọ ọ̀nà yẹn. Tó bá dáa, ẹ ka wákàtí mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbéra ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù o, ọkọ̀ tó ń lọ sí ìsìn alẹ́ ní Redemption máa ń pọ̀. Mo gbé àwọn òṣìṣẹ́ kan lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. A kúrò ní Bẹ́gà ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ alẹ́, a ò tíì kọjá Mówè. Ìyá kan sọ̀kalẹ̀, ó ra gbogbo búrẹ́dì orí ọmọ kan, ó pín in fún wa. Mi ò gbàgbé ìyá yẹn.

Ọmọ Ádímìn:
Ẹ ṣé. Jímọ̀ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni o, a máa padà ní Sọ́ńdè. Déètì ti wà lẹ́yìn tíṣáàtì.

Tíṣà Àgbà:
Ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ wọn lo fẹ́ gbà, o wá ń bínú? Aṣọ lo kọ́kọ́ rán, o ò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Fi sí Wẹ́sìdeè àti Tọ́sìdeè.

Alhaja:
Ọmọ mi, ẹ gba Ìbàdàn. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, Mọ́níyà lẹ máa sọ̀ sí, kìlómítà 157, kò sí họ́ọ̀dọ́ọ̀pù. IITA, ilé ìwádìí ohun ọ̀gbìn, ò jìnnà síbẹ̀. Ilẹ̀ wọn tó héktà 1,000, igbó wà, adágún wà, ilé àlejò wà. Nígbà tí àwa lọ, ẹyẹ ló jí mi. A ṣe ìpàdé láàárọ̀, wákàtí méjì péré, wọ́n ní kí oníkálukú máa ṣe tirẹ̀ dalẹ́. Ìyẹn la ṣì ń sọ dòní. Àti pé kí olúkúlùkù ní yàrá tiẹ̀ o. Ẹni tí wọ́n fi tì mí ń hanrun bí ẹ̀rọ ata.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
IITA kẹ̀? Ṣé iṣu ni wọ́n fẹ́ lọ ṣèwádìí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lọ sí Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, ẹ kúkú yà sí Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìpele méje!

Alhaja:
Ìwọ tí ò ń mu gàrí, ò ń fojú di ilé ìwádìí ẹ̀gẹ́. Kí akáǹtì gun ìpele méje pẹ̀lú ikùn yẹn?

Ọmọ Ádímìn:
Ẹ̀rín pa mí, ikùn ẹ̀ tóbi lóòótọ́.

Ìyá Ìbejì:
Mo ṣì ń dúró o. Mélòó? Èló?

Ọmọ Ádímìn:
Àwa 19 ni. Owó kọ́ ni ìṣòro, ọ̀gá ní ohunkóhun tó bá gbà.

Ìyá Ìbejì:
Ọ̀gá ń náwó bí omi, wọ́n sì ń sá? Ṣé ẹ jẹ wọ́n lówó oṣù ni?

Ọmọ Ádímìn:
Rárá o. Ó dáa, ẹ má bú mi. Ní Mọ́ńdè, ọ̀gá ní kí n tẹ lẹ́tà ìdádúró mẹ́rin. Ó ní alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ, lòun máa fún wọn níwájú gbogbo wa, ká lè fi ìfẹ́ túká. Ẹ̀kẹta há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo tún òmíràn tẹ̀, mo gbàgbé èyí tó há. Nígbà tí mo sáré padà, ẹnì kan ti fà á jáde. Akáǹtì ló tẹ ìwé tẹ̀ lé mi.

Onímọ́tò Bẹ́gà:
Háà.

Tíṣà Àgbà:
Ẹni tí wọ́n lé ní Sátidé máa wá jókòó sínú bọ́ọ̀sì yín fún wákàtí mẹ́fà ní Sọ́ńdè? Pẹ̀lú tíṣáàtì aláwọ̀ ewé?

Ọmọ Ádímìn:
Ẹ ṣáà ní kí n pààrọ̀ ọjọ́.

Alhaja:
Ta ló ń sọ tọjọ́ mọ́? Èkó ni kó ti fún wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú owó tó tọ́ sí wọn. Wo ìwé àdéhùn wọn. Lábẹ́ òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ tó bá ti lo ọdún márùn-ún, ó kéré tán kẹ́ ẹ fún un ní ìkìlọ̀ oṣù kan. Àkókò ṣì máa wà fún ẹni tó kù láti ṣe fàájì.

Ìyá Ìbejì:
Akáǹtì wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?

Ọmọ Ádímìn:
Kò sí níbẹ̀. Èyí tó há yẹn, ti ọmọbìnrin oúnjẹ ọ̀sán ni.

Ìyá Ìbejì:
Á, àbúrò. Lọ bá ọ̀gá láàárọ̀ ọ̀la. Sọ fún un pé lẹ́tà kan sọnù lọ́wọ́ rẹ. Má fi tíṣáàtì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Onímọ́tò Bẹ́gà:
Kẹ́ ẹ sì tètè pe oníbọ́ọ̀sì. Tó bá kù dẹ̀dẹ̀, kò ní dá owó padà.

Ọmọ Ádímìn:
Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti rí ọ̀gá. Kí n tó la ẹnu, ó ní kí n mú tíṣáàtì kan wá kí òun wọ̀ ọ́ wò. Ó wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí, kò gba orí rẹ̀. Ẹ dúró, ó ń pè mí.