“Kání” kò lè dúró fún “bí … bá” ti lọ́jíìkì

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Èpé.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Àgbádárìgì dábàá pé kí a máa pe ìsopọ̀ “bí … bá” tí àwọn onímọ̀ lọ́jíìkì ń lò ní “gbólóhùn kání”. Wọ́n ní kí apá àkọ́kọ́ máa jẹ́ “ìdí”, kí apá kejì máa jẹ́ “àbájáde”, kí a sì máa fi “òótọ́” tàbí “irọ́” ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí ẹnìkan dáwọ́ lé e. Àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò bá mi lára mu, kání gan-an ló sì ń dùn mí jù.

Mo mọ̀ pé “gbólóhùn kání” wà nínú ìwé gírámà tí a fi ń kọ́ ọmọ níléèwé, pé bí, tí àti ìbá ló kó jọ sábẹ́ orúkọ kan. N kò bá gírámà jà. Ẹ ṣá fetí sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá ní “Kání mo tètè mọ̀ ni, ǹ bá ti dé” ti jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀. Ìlànà lọ́jíìkì ńkọ́? Ibì kan ṣoṣo ni ìsopọ̀ yìí ti ń bàjẹ́: kí apá àkọ́kọ́ ṣẹ, kí apá kejì má ṣẹ. Ká sọ pé òjò rọ̀ lánàá. “Kání òjò kò rọ̀ lánàá ni, ọkọ̀ ojú omi ì bá gbéra.” “Kání òjò kò rọ̀ lánàá ni, ọkọ̀ ojú omi ì bá rì.” Níwọ̀n ìgbà tí òjò ti rọ̀, apá àkọ́kọ́ kò ṣẹ, ìlànà náà á sì jẹ́ kí méjèèjì kọjá! Kò sí awakọ̀ létí ọ̀sà wa tó máa gba ìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí méjì, Robert Stalnaker ní 1968 àti David Lewis ní 1973, fi wá ìlànà mìíràn fún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá fi kání sọ ìsopọ̀ “bí … bá” lórúkọ, kí la máa pe gbólóhùn tí àwọn wọ̀nyí ṣiṣẹ́ lé lórí?

Ọ̀rọ̀ “àbájáde” kò ní gba àkókò wa. Ohun tí nǹkan kan bí là ń pè bẹ́ẹ̀. Frege, onímọ̀ ìṣirò àti lọ́jíìkì ará Jámánì, tó ṣe àmì fún ìsopọ̀ yìí ní 1879, sọ ọ́ kedere pé ìbátan okùnfà tó wà nínú “bí” ti ẹnu kò sí nínú àmì òun. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní “aṣáájú” àti “àtẹ̀lé”, ó tó.

Ó wá ku òótọ́ àti irọ́. Ìyá mi ń ta ẹja ní ọjà Olúwo. Wọ́n á ní, “Bí o bá kó abọ́ èpìyà yìí, màá fi ọ̀bọ̀kún kan ṣe ènì.” Oníbàárà kó o, ó gba ènì: kò sí ìjà. Ó kó o, kò rí ènì: ìjà dé, ó sì yẹ kó dé. Kò kó o, kò gba nǹkan kan: ta ló máa bá ìyá mi wí? Kò kó o, ṣùgbọ́n ìyá mi ṣàánú ọmọ tó pọ̀n, wọ́n fún un ní ọ̀bọ̀kún lọ́fẹ̀ẹ́: ọ̀rọ̀ wọn ṣì dúró. Lọ́jíìkì ní “òótọ́” ni méjì tó kẹ́yìn. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò a máa kọ̀ jálẹ̀, n kò sì lè bá wọn jiyàn, nítorí lédè wa, ohun tí a kò tíì dán wò kì í ṣe òótọ́. Kò kàn tíì yẹ̀ ni. Àdéhùn a máa yẹ̀. Nígbà tí mo pa òótọ́ tì, tí mo kọ “ó yẹ̀” àti “kò yẹ̀” sójú pátákó, ariwo rọlẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àmì ohùn orí “yẹ̀”, kí ó má baà di “yẹ”.)

Ìjà yìí kì í ṣe tòní. Philo ti Mẹ́gárà, onímọ̀ lọ́jíìkì, ló fi ìlànà náà lélẹ̀ láyé àwọn Gíríìkì àtijọ́, pé ibì kan ṣoṣo yẹn ni ìsopọ̀ yìí ti ń yẹ̀. Diodorus Cronus, olùkọ́ rẹ̀, ní kò tó pé ọ̀rọ̀ kò yẹ̀ lónìí, àfi tí kò bá lè yẹ̀ rárá. Akéwì Gíríìkì náà, Callimachus, ní kannakánná orí òrùlé pàápàá ń ké nípa àríyànjiyàn yìí. Lọ́dọ̀ tèmi, Diodorus ló sún mọ́ etí Yorùbá jù, ṣùgbọ́n ti Philo ni ìwé ìṣirò ń lò, òun la sì ń wá orúkọ fún. Mo dábàá “àsomọ́ bí-bá”.

Ohun kan ṣì kù. Oníbàárà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi gbọ́ ìdàkejì rẹ̀ pẹ̀lú: bí n kò bá kó o, kò sí ènì. Ìyá mi kò sọ bẹ́ẹ̀. Geis àti Zwicky, àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, kọ̀wé lórí irú àfikún etí yìí ní 1971. Tí ìyá mi bá fẹ́ sọ ọ́, wọ́n á ní, “Àfi tí o bá kó o kí n tó ṣe ènì.” Nítorí náà, níbi tí lọ́jíìkì bá ti so ọ̀nà méjèèjì pọ̀, tí kò sí èyí tó lè ṣẹ láìsí ìkejì rẹ̀ nínú apá méjèèjì, mo ní kí a pè é ní “bí-bá àtàlọ-àtàbọ̀”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò.