Fọ́tò yàrá ìyá àgbà: báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi?

Afọ́tò_Òde:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìgbéyàwó àti ìkómọjáde ni mò ń yà. Mo wá fẹ́ ṣe ọ̀wọ́ fọ́tò kan tí kò sí oníbàárà nídìí ẹ̀: yàrá ìyá àgbà, ẹrù wọn, àtàwọn fọ́tò àtijọ́ tó wà lára ògiri. Fèrèsé kan àti gílóòbù kan tó ń tàn ló wà níbẹ̀, ògiri jẹ́ àwọ̀ ewé, ojú màmá sì ń jáde bíi ti ẹni tó ń ṣàìsàn. Tí mo bá ya àwọn fọ́tò inú férémù, èmi àti kámẹ́rà la tún máa ń hàn nínú gíláàsì. Èyí tó wá le jù ni pé gbogbo ohun tí mo yà ló jọra, mi ò mọ ibi tí mo tún máa kọjú sí. Lẹ́ńsì 50mm f/1.8 ni mo ní, pẹ̀lú tripod (ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé).

Ojú_Fèrèsé:
Ẹ pa gílóòbù yẹn ná. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ti fèrèsé sì ń fà sí búlúù. White balance (ètò tí kámẹ́rà fi ń tún àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ṣe) kan ò lè tún méjèèjì ṣe pọ̀.

Àwọ̀ ewé yẹn, ara ògiri ló ti ń ta padà sí ẹ̀gbẹ́ ojú tí kò kọ sí fèrèsé. Ẹ ta bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun bo ògiri níbẹ̀, kó má ṣáà wọnú fọ́tò. Kí màmá jókòó ní ìwọ̀n mítà kan sí fèrèsé, kí wọ́n kọ ẹ̀gbẹ́ sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti f/2.8 (bí ihò lẹ́ńsì ṣe ṣí tó), 1/125 (ìdá ìṣẹ́jú àáyá tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀), ISO 1600 (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó). Tó bá ṣókùnkùn, ISO ni kẹ́ ẹ gbé sókè, ẹ má sọ 1/125 di 1/30, torí màmá ò ní jókòó bí ère. RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe) ni kẹ́ ẹ fi yà á, kẹ́ ẹ sì fi bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wọn nínú fọ́tò àkọ́kọ́, òun lẹ máa fi tún àwọ̀ ìyókù ṣe.

Bàbá_Dákúrúùmù:
Ọ̀rọ̀ férémù ni tèmi. Kí o tó tú u, wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Tí ibì kan bá ń dán bí ẹni pé omi wà níbẹ̀, fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì nìyẹn. Gelatin ló wà lójú fọ́tò. Tí ọ̀rinrin bá wọlé, á wú, á sì lẹ̀. Tí o bá fà á, ojú èèyàn á ṣẹ́ kù sára gíláàsì. Má tú u, gba ojú gíláàsì yà á.

Lu ihò sí aṣọ dúdú, kí lẹ́ńsì nìkan yọ, kí aṣọ bo ìwọ àti tripod. Gbé iná méjì sọ́tùn-ún sósì, ìkọ̀ọ̀kan ní 45°. Tí o ò bá ní iná, gbé férémù lọ sí abẹ́ ìbòòji ní fàráńdà. Férémù àtijọ́ máa ń tẹ̀ síwájú lókè lára ìṣó, nítorí náà fi dígí kékeré lé gíláàsì kí o wo inú kámẹ́rà: tí lẹ́ńsì rẹ bá hàn ní àárín gbùngbùn, o ti kọjú sí i dáadáa. f/8, ISO 100, self-timer (kí kámẹ́rà dúró díẹ̀ kó tó yà á fúnra rẹ̀) ìṣẹ́jú àáyá 2. Èyí tó bá ṣeé tú, ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Òǹtẹ̀ ilé fọ́tò máa ń wà níbẹ̀.

Tó o bá rí ìbejì, bi màmá kí o tó kọ orúkọ sí i. Láyé àwọn ọdún 1970, ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, àwọn afọ́tò a máa tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí wọ́n lè jókòó pọ̀.

Ṣùkú_Onífọ́tò:
Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó jọra sí i! J.D. 'Okhai Ojeikere, afọ́tò ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí ya irun obìnrin ní 1968, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹgbẹ̀rún kan: ẹ̀yìn orí ló pọ̀ jù, láìláwọ̀, láìsí ohunkóhun lẹ́yìn wọn. Nítorí pé igun ò yí, ojú ò rí nǹkan mìíràn wò ju ọwọ́ onídìrí lọ.

Ẹ mú àpótí màmá nìkan. Ẹ kó ẹrù inú rẹ̀ jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí aṣọ funfun kan náà, nídìí fèrèsé kan náà, láago kan náà, kí kámẹ́rà máa wò ó láti òkè. Gèlè tí ojú ibi tí wọ́n ká a sí ṣì hàn lára rẹ̀, ẹ má lọ̀ ọ́. Ẹ tẹ ọgbọ̀n jáde ní 4x6, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀. Méjì tó bá ń sọ ohun kan náà, ẹ yọ ọ̀kan.

Afọ́tò_Òde:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè fi fóònù ya àwọn tara ògiri?

Bàbá_Dákúrúùmù:
Ó ṣe é, ṣùgbọ́n sún sẹ́yìn kí o lo 2x (súúmù fóònù). Tó o bá sún mọ́ ọn jù, etí férémù á tẹ̀, òjìji fóònù á sì bọ́ sórí rẹ̀.