Ẹ̀yin tí ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù àtijọ́ sí inverter, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá wa ti lo ọdún 11. Ó ṣì ń tutù, àmọ́ ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí n sùn, bó sì ṣe ń jẹ yúnítì ń dẹ́rù bà mí. Mo fẹ́ ká ra amúlétutù inverter, irú èyí tó lè dín eré rẹ̀ kù. Bàbá àwọn ọmọ ní ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ni, kí la fẹ́ yọ ọ́ fún? Ẹni tó bá ti ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí, mo ti kà á.

Aká-mítà
Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ṣe tèmi. Kí n tó rà á, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀, lálẹ́ kí n tó sùn, láàárọ̀ bí mo bá ti jí. Gbogbo nǹkan yòókù ni mo máa ń pa, àfi fíríìjì. Ti àtijọ́ ń jẹ yúnítì 9 láàárín wákàtí 10. Èyí tuntun, yàrá kan náà, 24 kan náà lórí rímóòtù, yúnítì 5 ni. Lálẹ́ tí òjò bá rọ̀, ó lè má ju 4 lọ. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ló wú mi lórí jù. Ti tẹ́lẹ̀, bó bá ti fẹ́ gbéra báyìí, gbìì! Gílóòbù inú ilé á ṣẹ́jú. Mi ò rí ìyẹn mọ́.

Ọmọ Dáadáa
9 di 5? Ẹ̀gbọ́n, mi ò pe yín ní onírọ́ o, àmọ́ tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Inverter la rà, ìyàtọ̀ tí mo rí kò tó nǹkan.

Tèmi Yé Mi
Èmi náà jókòó síbí, mò ń gbọ́.

Atúnṣe
Òótọ́ lẹ̀yin méjèèjì ń sọ. Ọdún 16 rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Compressor ẹ̀rọ àtijọ́, ìyẹn ohun tó ń ti gáàsì yípo nínú rẹ̀, kò mọ̀ ju nǹkan méjì lọ: kó sáré tán pátápátá, tàbí kó dúró. Ti inverter lè dín eré rẹ̀ kù. Bí yàrá bá ti tutù, á máa rọra rìn, ibẹ̀ gan-an ló ti ń ṣọ́ iná lò. Èrè náà wà fún ẹni tó ń tan ẹ̀rọ rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tó ń tàn án fún wákàtí kan lójúmọ́, mi ò ní sọ fún un pé kó sáré lọ rà á.
Ọmọ Dáadáa, yàrá wo lẹ gbé e sí? BTU mélòó ni, ìyẹn agbára tó fi ń mú yàrá tutù?

Ọmọ Dáadáa
Pálọ̀ ni. Fèrèsé ńlá mẹ́ta, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀ ọ́. 9,000 BTU. Wọ́n ní á tó.

Atúnṣe
Kò lè tó láé. Láti ìgbà tẹ́ ẹ bá ti tàn án títí tẹ́ ẹ ó fi pa á, eré àsápajúdé ló ń sá. Kò rí ibi tó ti máa sinmi. Irú ẹ̀rọ yẹn, kò sí ohun tí inverter lè ṣe fún un.

Ọmọ Dáadáa
Ẹni tó tà á fún mi ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Kò béèrè bí pálọ̀ ṣe fẹ̀ tó, kò béèrè fèrèsé. Ó dùn mí gan-an.

Màmá Àgbà
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Kọ́kọ́ wá kọ́tìnì tó nípọn sí àwọn fèrèsé yẹn. Èmi ò tíì ra tuntun rárá. Àkọ́bí mi ló fi ọwọ́ yẹ abẹ́ ilẹ̀kùn wò lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní "Màmá, afẹ́fẹ́ tútù yín ti ń lọ síta." A dí abẹ́ ilẹ̀kùn, a dí àyíká fèrèsé, mo fọ asẹ́ inú ẹ̀rọ tí mi ò fọ̀ láti ìgbà tí mo ti rà á. Eruku tó jáde níbẹ̀! Tẹ́lẹ̀, kì í dúró. Ní báyìí, ó ń dúró, á sinmi dáadáa kó tó tún gbéra. Ẹ ṣe èyí kẹ́ ẹ tó náwó.

Aká-mítà
Màmá, ẹ ṣeun. Èmi náà kì í fọ asẹ́ tèmi déédéé. Máa ṣe é lónìí.

Ojú Mi Rí Nǹkan
Ẹ̀yin ń yin inverter. Èmi ò ní rà á mọ́. Òjò kan rọ̀, iná lọ, nígbà tó máa padà ó ga ju bó ṣe yẹ lọ, bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ jó. Oṣù 14 péré ni mo ti rà á. Mo gbé ìwé ìdánilójú lọ, wọ́n ní compressor ni ọ̀pọ̀ ọdún tó wà nínú ìwé náà wà fún, ọdún kan ni ti bọ́ọ̀dù. Owó bọ́ọ̀dù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ẹ̀rọ.

Ọmọ Dáadáa
Áà! Ti àǹtí mi náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Tèmi Yé Mi
Ti ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ náà. Ẹ̀rù ti ń bà mí báyìí.

Atúnṣe
Ẹ kú ìnáwó, mi ò jiyàn. Bọ́ọ̀dù ni ibi tó ti tètè ń ṣe é. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: "Bọ́ọ̀dù ńkọ́? Ọdún mélòó?" Kẹ́ ẹ sì rí i nínú ìwé. Bí iná ibi tẹ́ ẹ ń gbé bá ń ga tó ń rẹlẹ̀, ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ irú iná bẹ́ẹ̀ wà nínú owó tẹ́ ẹ máa ṣírò.

Bàbá Tútù
Èmi ní tèmi, 16 ni mo ń gbé e sí, kó lè tètè tutù. Àárẹ̀ lèmi ń bá bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

Aká-mítà
Ẹ̀gbọ́n, bó bá jẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́, bákan náà ló máa sáré, ẹ gbé e sí 16 o, ẹ gbé e sí 24 o. Ibi tó ti máa dúró lẹ̀ ń sọ fún un. Yàrá lè má dé 16 títí ilẹ̀ á fi mọ́, compressor ò sì ní dúró.

Bàbá Tútù
Mi ò gbà. Ara mi ń mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀yin ò bá wá sí ilé wa. 26 lèmi ń fẹ́, 20 ni bàbá wọn ń fẹ́. Mo máa ń dúró kó sùn ná.

Bàbá Tútù
Ẹ fi bàbá ìbejì sílẹ̀ kó sùn nínú òtútù o!

Tèmi Yé Mi
Ẹ dákun, ọdọọdún ni oníṣẹ́ tèmi ń fi gáàsì kún un. Ṣé inverter náà ń jẹ gáàsì bẹ́ẹ̀?

Atúnṣe
Ẹ̀rọ amúlétutù kì í jẹ gáàsì. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ni gáàsì ti ń yípo. Bó bá dín, ó ń jò. Ẹni tó ń kún un lọ́dọọdún láìwá ibi tó ń jò kò tún un ṣe.
Ìyá Ìbejì, ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ èyí tó wà níta. Gáàsì wo ni wọ́n kọ síbẹ̀? Bó bá jẹ́ R-22, ó wà lára àwọn tí àdéhùn àgbáyé Montreal ti ọdún 1987 ń lé kúrò nílẹ̀, nítorí pé ó ń ba ìpele ozone tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn jẹ́. R-32 ló wọ́pọ̀ nínú tuntun. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ R-32 tàbí R-290 sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún R-22. Gáàsì méjèèjì yẹn lè gbiná. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ṣe é, ọwọ́ ni mo fi dá a dúró.
Tẹ́ ẹ bá sì ń ra tuntun, ẹ pín BTU sí wáàtì. 12,000 tó ń jẹ 1,200 wáàtì, 10 nìyẹn. 12,000 tó ń jẹ 900, ó lé ní 13. Èyí tó bá ga jù ló dára jù. Orúkọ inverter nìkan kò tó.

Ìyá Ìbejì
Mo ti gbé tọ́ọ̀ṣì lọ wò ó. R-22 ni. Ẹ̀ẹ̀mejì la sì ti fi gáàsì sí i láàárín ọdún méjì.

Atúnṣe
Ṣé ẹ rí i?

Màmá Àgbà
Ìyẹn yàtọ̀ sí tèmi. Tiyín ti tó yọ.

Ìyá Ìbejì
Bàbá wọn ti gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ti ka gbogbo rẹ̀. Ó ní òun gbà, àmọ́ ká kọ́kọ́ ka mítà fún ọ̀sẹ̀ kan bíi ti Aká-mítà, òun fẹ́ fojú ara òun rí i.

Aká-mítà
Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbàgbé láti pa ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná.

Ìyá Ìbejì
Alẹ́ àkọ́kọ́: yúnítì 11. Òun fúnra rẹ̀ ló jí lọ kà á. Ó ti ń wọn yàrá báyìí.